Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Fáìlì MIDI Wò Kí A Tó Gbé E Sínú Orin

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Fáìlì MIDI, ìyẹn fáìlì tí ń gbé àṣẹ bí a ṣe tẹ kíì orin, ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, pàápàá bí ó ṣe yẹ kí ẹni tí ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà fi ohun èlò tí ó bá a mu gbọ́ ọ wò, kí ó tó pinnu bóyá yóò wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní sítúdíò kéékèèké ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán máa ń gba irú fáìlì yìí lọ́wọ́ ara wọn. Wọn a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí kọ̀ǹpútà, ohùn gbẹrẹfu kan a dún, wọn a sì pa á rẹ́. Wọ́n ti dá fáìlì náà lẹ́bi lórí ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé fáìlì MIDI kò ní ohùn kankan nínú.

Ọdún 1983 ni ìlànà MIDI jáde. Dave Smith, ará Amẹ́ríkà, àti Ikutaro Kakehashi, ará Japan tí ó dá ilé-iṣẹ́ Roland sílẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ṣe agbátẹrù rẹ̀, kí kííbọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ kan lè máa gbọ́ àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àṣẹ náà ni fáìlì yìí ń gbé kiri: kíì tí a tẹ̀, láti 0 dé 127, bí a ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́ tó, àti ìgbà tí a gbé ọwọ́ kúrò. Ohun èlò tí ó bá gba àṣẹ ni ó ń pèsè ohùn. Lórí Windows, Microsoft GS Wavetable Synth, ètò ohùn tí ó bá Windows wá, ni ó sábà máa ń dáhùn bí ẹ kò bá yan òmíràn, òun ni ó sì ni ohùn gbẹrẹfu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà yìí. REAPER, ètò tí a fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ṣí. Kí n tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, mo ti la tráàkì tuntun kan, ìyẹn ìlà tí ohùn ohun èlò kan ń gbà, mo sì ti gbé plugin dùùrù, ìyẹn ètò kékeré tí ń dún bí dùùrù, lé e. Nínú Media Explorer, níbi tí a ti ń wo àwọn fáìlì, ààyè wà láti pàṣẹ pé kí MIDI tí a ń gbọ́ wò máa gba inú tráàkì tí a yàn kọjá. Láti ìgbà náà lọ, fáìlì yòówù tí mo bá tẹ̀, dùùrù yìí ni yóò fi dún, iṣẹ́ tí mo ti ṣe sílẹ̀ kò sì ní yí padà. Ẹni tí ó ń lo FL Studio, ètò orin mìíràn, lè ṣí Piano roll, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń to kíì, fún ohun èlò tí ó fẹ́, kí ó tẹ Ctrl àti M pọ̀, kí ó sì mú fáìlì náà wọlé. Ṣùgbọ́n inú pátánì òfìfo, ìyẹn abala orin tí kò tíì ní nǹkan nínú, ni kí ó ti ṣe é, kí ó má baà da iṣẹ́ àná rú.

Bí ó bá jẹ́ fáìlì ìlù ni, dùùrù kò lè ṣe adájọ́ rẹ̀. Ìlànà General MIDI, tí ó jáde lọ́dún 1991, ya ṣánẹ́ẹ̀lì kẹwàá sọ́tọ̀ fún ìlù nínú ṣánẹ́ẹ̀lì 16 tí ó wà, ó sì fún kíì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kíì 36 ni ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kíì 67 àti 68 ni agogo, ọ̀kan fún ohùn òkè, ọ̀kan fún ohùn ìsàlẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀ pé agogo wà nínú ìlànà tí gbogbo ayé ń lò. Ẹ fi plugin ìlù tí ó tẹ̀ lé ètò yìí gbọ́ ọ, nítorí àwọn mìíràn to kíì wọn lọ́nà tiwọn, agogo lè ṣe bẹ́ẹ̀ di símbáàlì mọ́ yín lọ́wọ́. Ní ti ìyára, fáìlì tí kò bá sọ ìyára tirẹ̀, lílù 120 ní ìṣẹ́jú kan ni a ń kà á sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an ni gángan. Ní ìlú tí dàdàkúàdà ti ń dún, a kì í gbọ́ ìlù láìgbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a mú "Ìlọrin Àfọ̀njá". Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó wà ní àárín lẹ́ẹ̀mejì, ó padà sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì parí lókè. Onílù tí ó fi kííbọ́ọ̀dù kọ ọ́ lè máa tẹ kíì 60 nìkan, kí ó sì máa fi kẹ̀kẹ́ ìtẹ̀hùn, ìyẹn pitch bend, gbé ohùn lọ gbé e bọ̀: 0 nísàlẹ̀ pátápátá, 8192 ní àárín, 16383 lókè téńté.

Àmọ́ nọ́ńbà wọ̀nyí kò sọ bí òkè ṣe jìnnà tó. Ohun èlò ni ó ń pinnu ìyẹn, kíì méjì sókè àti kíì méjì sísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì máa ń lò, bí a bá ka dúdú àti funfun pọ̀. Bí onílù bá lo ìwọ̀n kíì márùn-ún sókè àti márùn-ún sísàlẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ọ́, tí ẹ wá fi ohun èlò tí ó wà ní méjì gbọ́ ọ, òkè àti ìsàlẹ̀ yóò sún mọ́ ara wọn jù, ìlù náà yóò máa kùn bí ẹni tí kò fẹ́ lanu. Bí ohun èlò náà kò bá tilẹ̀ ka kẹ̀kẹ́ yìí sí, ohùn àárín nìkan ni ẹ ó gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, "Ìlọrin Àfọ̀njá" ti kú síbẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ wá ibi tí a kọ pitch bend range sí lójú plugin yín, kí ẹ sọ ọ́ di márùn-ún, kí ẹ tún un gbọ́. Fáìlì lè gbé àṣẹ ìwọ̀n yìí dání níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun èlò ni ó ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fáìlì gángan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ìwọ̀n tí ẹ lò mọ́ orúkọ fáìlì náà.