Ọ̀nà Àbọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rò: Ètò Ìrìn Ọjọ́ Kan sí Orí Ben Nevis

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá kan sọ ní Glasgow nìyí, nígbà tí wọ́n ń múra láti lọ gun òkè.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín.

Kí n tó bọ́ síwájú yín, mo bi àwọn kan léèrè pé aago mélòó ni wọ́n máa gbéra nísàlẹ̀ òkè. Kíá ni wọ́n dá mi lóhùn: aago mẹ́jọ àárọ̀. Mo tún béèrè pé, aago mélòó lẹ máa yí padà? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "A ó yí padà tá a bá ti dé orí ẹ̀ ni, sà." Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ wá tì.

Ben Nevis ga ní 1,345 mítà. Kò sí òkè tó tó o ní gbogbo Bìrìtéènì. Fort William tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi òkun dọ́gba, nítorí náà kò sí ibi tí mọ́tò máa gbé yín dé tí gíga òkè á ti dín kù. Ẹsẹ̀ yín ló máa san gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà, tí wọ́n ń pè ní Mountain Track, tó kìlómítà 17 ní àlọ àti àbọ̀.

William Naismith, ará Scotland, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ lọ́dún 1892 tí àwọn tó ń gun òkè ṣì ń lò dòní: wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí ẹ wá fi wákàtí kan lé e fún gbogbo 600 mítà tí ẹ bá gùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Àlọ jẹ́ kìlómítà mẹ́jọ àbọ̀, ìyẹn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 42. Gíga tí ẹ máa gùn láti ibi tí ẹ ti gbéra tó nǹkan bí 1,300 mítà, ìyẹn wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó pé wákàtí mẹ́rin. A ò tíì jẹun, a ò tíì ya fọ́tò, a ò tíì dúró de ẹni tí bàtà ń bó lẹ́sẹ̀. Naismith ò ka gbogbo ìyẹn mọ́ ọn. Fún irú ẹgbẹ́ tiwa yìí, wákàtí márùn-ún ni mo máa kà fún àlọ, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ fún àbọ̀. Lóṣù kẹfà, ẹ ṣì máa rí oòrùn títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Lóṣù Kejìlá, kò ní tíì lu aago mẹ́rin tí oòrùn á fi wọ̀. Ìgbà òtútù kì í ṣe ti ẹni tó ń gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́. Yìnyín dídì orí rẹ̀ ń béèrè àáké yìnyín àti irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Nítorí náà, aago méjì ọ̀sán, ibi yòówù kí ẹ dé, ẹ yí padà. Ẹ fi aago yẹn lé ẹnì kan lọ́wọ́, kó má sì jẹ́ ẹni tó lágbára jù. Àwa Yorùbá, ojú máa ń ti àgbà láti sọ níwájú ọmọdé pé ó ti rẹ òun, ojú sì máa ń ti ọmọdé láti sọ fún àgbà pé kó dúró. Ẹ yan ẹni tí ojú ò ní tì. Ẹni tó lọ́ra jù ni kó ṣíwájú.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Adágún kan wà lójú ọ̀nà, Lochan Meall an t-Suidhe, tí àwọn èèyàn ń pè ní adágún agbedeméjì. Nǹkan bí 570 mítà ló wà. Kò tó ìdajì! Lẹ́yìn tí ẹ bá sọdá odò kékeré Red Burn, koríko á máa tán lọ, òkúta wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ ló kù, ibẹ̀ gan-an ni orúnkún máa ń béèrè ìdí tí ẹ fi wá.

Ní ti aṣọ, ẹ̀bi tèmi ni mo fẹ́ fi kọ́ yín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, oṣù kẹfà ni, oòrùn ń ràn ní Fort William, mo wọ ṣòkòtò jíǹsì. Òjò bá mi lẹ́yìn Red Burn. Jíǹsì yẹn fa omi bíi kànrìnkàn, ó wúwo, ó lẹ̀ mọ́ mi nítan, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí sípì báàgì láti mú búrẹ́dì, ìka mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Orí òkè yìí máa ń fi nǹkan bíi dígírì mẹ́sàn-án tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, ká tó dárúkọ atẹ́gùn. Òjò tó ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún ju 4,000 mìlímítà lọ. Ẹ̀wù òjò àti ṣòkòtò òjò, ẹ̀wù olówùú-àgùntàn, fìlà, ìbọ̀wọ́, tọ́ọ̀ṣì: nínú oṣù kẹfà náà ni mo ń wí.

Ẹnì kan wà tó mọ ojú ọjọ́ ibẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Clement Wragge, ní ọdún 1881, ń gun òkè yìí lójoojúmọ́ láti lọ wọn ojú ọjọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ń wọn tìsàlẹ̀ ní Fort William. Iṣẹ́ yẹn ló mú kí wọ́n kọ́ ilé ìwòye sórí òkè ní 1883. Ọ̀nà tí wọ́n là fún ẹṣin tó ń ru ẹrù lọ síbẹ̀ ni à ń rìn títí di òní. Ní 1904 ni wọ́n ti ilé náà, àwókù rẹ̀ ṣì wà.

Àwọn tó gbé inú ilé yẹn ní ibì kan tí wọ́n ń da pàǹtírí sí, wọ́n sì ń pè é ní Gardyloo. Igbe tí àwọn ará Edinburgh àtijọ́ máa ń ké ni, tí wọ́n bá fẹ́ da omi ìdọ̀tí láti ojú fèrèsé: ẹ yàgò o! Ọ̀gbun ni. Ó gé wọ inú orí òkè, kò sì jìnnà sí ojú ọ̀nà yín rárá. Ìdí rèé tí mo fi ń pariwo àbọ̀. Ní àlọ, ẹ kàn ń gòkè ni. Ní àbọ̀, tí ìkùukùu bá bolẹ̀, tí yìnyín sì bo ojú ọ̀nà, gbogbo ibẹ̀ á funfun báláú, ẹ ò ní mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ dúró ti òpó àwọn awọnlẹ̀ tó wà lórí téńté òkè. Ẹ fi kọ́ńpáàsì sí dígírì 231 ti máàpù, ìyẹn èyí tí a wọ̀n láti àríwá orí máàpù, kí ẹ rìn ín fún 150 mítà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí sí 282. Tí ẹ bá ti ibi òpó yí sí 282 lẹ́ẹ̀kan náà, Gardyloo lẹ forí lé. Tí ẹ bá rin 231 kọjá ààlà, Five Finger Gully, ọ̀gbun mìíràn, ń dúró dè yín lápá kejì, ọ̀pọ̀ ló sì ti kú síbẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ 150 mítà nínú ìkùukùu? Ẹ ka ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Tèmi jẹ́ 66 lórí 100 mítà nílẹ̀ tó tẹ́jú, nítorí náà mo ń ka 99. Ẹni tó ń kà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kí ẹ wá ní kí wọ́n bá yín pe àwọn adóòlà orí òkè. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni. Tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ẹ kó o wálé. Òtútù orí òkè kì í jẹ́ kó tètè jẹrà.

Ẹnì kan béèrè bóyá fóònù ò tó dípò kọ́ńpáàsì. Òtútù máa ń tètè pa bátìrì, ọmọ mi, ìka tó tutù kì í sì í ṣí fóònù. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká pàdé ní pápá, kí kálukú mú kọ́ńpáàsì wá. A ó na okùn 100 mítà sílẹ̀, kí olúkúlùkù mọ iye ìṣísẹ̀ tirẹ̀.