Kànga Tí A Gbẹ́ Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

"Ẹ̀yin ó sì fi ayọ̀ fa omi jáde láti inú kànga ìgbàlà wá." Aísáyà 12:3

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú àárọ̀ o.

Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ kànga kì í gbẹ́ ẹ lásìkò òjò. Lóṣù keje, ẹ lè gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 kí omi ti máa sun, kí onílé máa jó. Omi òkè ni. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ tán, korobá á máa ha ilẹ̀ gbígbẹ. Oṣù kejì sí ìkẹta ni wọ́n ń gbẹ́ kànga gidi, nígbà tí omi ti sá lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá kan omi, wọ́n á tún gbẹ́ wọnú rẹ̀ sí i, kó má baà gbẹ lọ́dún tí òjò bá pẹ́. Ilẹ̀ tiwa sì lápàáta púpọ̀. Ibi tí àwọn kan ti kan òkúta ni wọ́n ti sọ ṣọ́bìrì nù.

Ayọ̀ ọ̀pọ̀ wa, omi òkè ni. Owó kaṣú wọlé, owó oṣù wọlé, a jó dé iwájú pẹpẹ. Kò wọlé, orin gbẹ lẹ́nu. Ẹ wo Hábákúkù 3:17-18: ọ̀pọ̀tọ́ kò tanná, oko kò so, ẹran tán lágbo, síbẹ̀ ó ní òun yóò yọ̀ nínú Olúwa. Ẹ̀ẹ̀rùn ló gbẹ́ tirẹ̀.

Kànga tó jìn náà ń dí. Àwọn Filísítínì da erùpẹ̀ sínú kànga Ábúráhámù, Ísákì ní láti tún un wà (Jẹ́nẹ́sísì 26:18). Erùpẹ̀ tiwa ni ìjà ilẹ̀ bàbá, ọmọ ìyá tí a kì í kí mọ́. Láàárọ̀ yìí, kó o tó fọwọ́ kan fóònù, ka Sáàmù kan sókè, dárúkọ oore 3 tí Ọlọ́run ṣe lánàá, kó o wá pe orúkọ ẹni tí inú ń bí ọ sí, kó o súre fún un. Á ṣòro. Ibẹ̀ ni òkúta wà. Má sọ ṣọ́bìrì nù.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, Ìwọ tó la Hágárì lójú tó rí kànga nínú aginjù, là mí lójú.

Dárí jì mí, mo ti fi ọjà ṣe orísun ayọ̀ mi.

Rántí àwọn tí ẹ̀rù ajínigbé lé kúrò lóko. Rántí opó tó sunkún mọ́jú. Nu ojú wọn nù, Bàbá. Fi ara Rẹ dá wọn lọ́lá.

Gbogbo erùpẹ̀ tí ọ̀tá dà sínú kànga mi, mo wà á jáde lórúkọ Jésù!

Àpáta tó dá mi dúró, fọ́! Àpáta tó dá ọkọ mi, aya mi, ọmọ mi dúró, fọ́! Àpáta àtìrandíran, fọ́ yángá, lórúkọ Jésù!

Ayọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ mi, sun! Sun nínú ilé mi! Sun lójú ọ̀nà oko! Sun nínú àìsàn, sun nínú àìlówó, sun títí aládùúgbò yóò fi gbé korobá wá bá mi pọn!

Ní orúkọ Jésù Kírísítì Olúwa wa. Àmín.