Ata ẹ ti kákò, ẹ tún ń fín oògùn sí i?

Ẹ jẹ́ n gbé e súnmọ́ kámẹ́rà. Ata rodo mi rèé. Ṣẹ́ ẹ rí ewé ẹ̀ bó ṣe kákò, tó wá ṣú dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan, tó ní àwọ̀ tó-tò-tó? Fáírọ́ọ̀sì nìyẹn. Kò sóògùn ẹ̀. KÒ SÍ!

Àwọn kòkòrò pínníṣín aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fa omi ewé mu ló ń pín in kiri, pàápàá èyí tó ti hu ìyẹ́ tó kàn ń kọjá lọ. Ẹnu wọn rí bí abẹ́rẹ́. Ṣẹ́ ẹ mọ obìnrin tó ń ra gàárì lọ́jà? Á bu díẹ̀ jù sẹ́nu, "èyí kan jù", á bọ́ sídìí igbá ẹlòmíì, kò tíì ra nǹkan kan o, ó ti tọ́ igbá mẹ́fà wò. Màmá mi nìyẹn, ẹ má sọ fún wọn. Bí kòkòrò yìí ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, á gún ata tó ń ṣàìsàn wò, fáírọ́ọ̀sì á lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó ẹnu ẹ̀, á fò, á gún èyí tára ẹ̀ le wò, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti parí.

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣìṣe rèé! Ẹ gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn, ẹ ń fín. Oògùn á pa á, mo gbà, àmọ́ kó tó kú ó ti tọ́ ata yẹn wò ná! ÌṢẸ́JÚ ÀÁYÁ DÍẸ̀ ni mo wí! Oògùn míì tiẹ̀ máa ń dà wọ́n láàmú ni, wọ́n á wá máa sá láti ìdí kan dé òmíì. Èmi náà fín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan rí, owó lọ, ata ò bọ̀.

Eṣinṣin funfun tó ń pín fáírọ́ọ̀sì tòmátì kiri yàtọ̀ o, ìyẹn máa jókòó fà á tó ìṣẹ́jú 15, fáírọ́ọ̀sì á wọ ikùn ẹ̀, ó tún di wákàtí mélòó kan kó tó dé inú itọ́. Oògùn ṣì lè bá a níbẹ̀. Ti ata KỌ́.

Ẹ gbin àgbàdo yí ata ká, kẹ́ ẹ tètè gbìn ín kó lè ga. Kòkòrò á kọ́kọ́ bà síbẹ̀, á gún un wò, ibẹ̀ lá ti nu ẹnu ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì yẹn kì í sì í mú àgbàdo. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo nọ́sìrì tẹ́ ẹ ti ń hu ọmọ ata. Èyí tó bá ti kákò, ẹ fà á tu LÓNÌÍ, tó bá tiẹ̀ ti tanná.

Èyí ti tanná méjì, ẹ wò ó. Ó dùn mí o. Ó yá... mo ti fà á.