Kí Ló Sọ Ilé Pákó Òṣìṣẹ́ Di Ohun Àjogúnbá?

Ilé tí ẹ ń wò yìí, pákó ni látòkè délẹ̀. Páànù ló bò ó, òpó igi kúkúrú ló gbé e kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe ilé gómìnà. Ní Brisbane, olú-ìlú Queensland ní Ọsirélíà, irú rẹ̀ pọ̀ lọ súà, débi pé ẹni tó dàgbà síbẹ̀ kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, ní àdúgbò Nundah, ti wọ ìwé àwọn ohun àjogúnbá ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń kọ àwọn ilé tó yẹ ní títọ́jú sí.

Ọ̀rọ̀ owó ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún 1909, ìjọba Queensland ṣe òfin ilé òṣìṣẹ́. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó pọ́n-ùn 200, tó sì ní ilẹ̀ tirẹ̀, lè yá tó pọ́n-ùn 300 lọ́wọ́ ìjọba, kó fi kọ́lé, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ilé ìjọba tí wọ́n ń háyà o. Òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ilé Nundah yẹn, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1910, ni ilé àkọ́kọ́ lábẹ́ ètò yẹn.

Òfin àjogúnbá Queensland, ti ọdún 1992, ní òṣùwọ̀n mẹ́jọ, bí ilé bá sì ti bá ọ̀kan mu, ó lè wọ ìwé. Ẹwà wà níbẹ̀, pé irú ilé náà ṣọ̀wọ́n náà wà níbẹ̀. Àmọ́ èyí tó sábà máa ń gbe ilé kékeré ni pé kí ó fi ìrísí irú tirẹ̀ hàn kedere. Pé ó pọ̀ kì í ṣe àbùkù. Àbùkù ni kí wọ́n ti tún un ṣe débi pé kò lè jẹ́rìí mọ́. Níbo wá ni ẹ̀rí náà wà?

Ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilé. Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, àwo páànù kan wà tí etí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ń lé ikán. Kò lé nǹkan kan. Ikán tó bá ń gba inú òpó bọ̀ á kan páànù, kò ní lè lu ú. Ó di dandan kó jáde síta, kó fi ẹrẹ̀ mọ ọ̀nà yí etí àwo náà po, ojú yín á sì tó o. Ẹ wò ó níbí: ìlà ẹrẹ̀ kan tín-ínrín, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Tí ẹ bá kó iyẹ̀pẹ̀ jọ sídìí òpó, tàbí tí ẹ dí abẹ́ ilé pa kí ẹ lè rí yàrá kún un, ẹ ti dí ẹ̀ṣọ́ lójú nìyẹn.

Ibi tí òpó ti bá ilẹ̀ pàdé ló ti ń jẹrà jù. Ẹ fi ẹnu skrudráfà gún un níbẹ̀. Bó bá wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ iṣu sísè, ẹ pààrọ̀ òpó yẹn nìkan. Jáàkì ni wọ́n fi ń gbé ilé náà sókè, mìlímítà díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Káfíńtà tó bá kánjú gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, igi tó ti tẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún á fà, pákó ògiri á ya lójú ìsopọ̀, ilẹ̀kùn ò sì ní padé mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gòkè. Ògiri ẹ̀gbẹ́ fàráńdà yìí, ìpele pákó kan ṣoṣo ló la yàrá sí ìta. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n tò ó lóòró, ahọ́n ọ̀kan wọ inú ihò èkejì, egungun ilé sì wà níta gbangba. Òrùlé fàráńdà ló ń gba òjò àti oòrùn fún un, nítorí náà wọ́n fi owó pákó kejì pamọ́. Ìṣirò ẹni tó yá owó kọ́lé nìyẹn, ó wà lára ògiri. Lókè ilẹ̀kùn, pákó oníhò tí wọ́n gbẹ́ ń jẹ́ kí ooru jáde. Ní ilé ìdáná, wọ́n ti ààrò sínú ihò onípáànù tó yọ síta kí iná má bàa mú pákó. Ẹni tó bá bo gbogbo èyí torí kí ilé lè dán, ó ti bo ìwé mọ́lẹ̀.

Ọ̀dà ńkọ́? Níbi kọ́lọ́fín kan, ẹ fi omi rin ibi tí kò ju kọ́ìnì lọ, kí ẹ fi abẹ mímú ha á, kí ìpele kọ̀ọ̀kan yọ bí àtẹ̀gùn. Ẹ ó rí àwọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ láìha. Ẹ má sì ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ, torí òjé lè wà níbẹ̀. Ní Brisbane gan-an ni dókítà J. Lockhart Gibson ti kọ ọ́ lọ́dún 1904 pé ọ̀dà ara ìfọwọ́tì fàráńdà àti ògiri ló ń kó májèlé òjé bá àwọn ọmọdé. Lọ́dún 1922, Queensland fòfin de lílo ọ̀dà olójé níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Omi ni kí ẹ fi rin ín, pẹ̀lú ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná. Ẹ má fi iná sun ún rárá.

Fàráńdà tí wọ́n dí di yàrá ló ń fa àríyànjiyàn jù. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé á ní kí ẹ wó o, kí ilé padà sí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Èmi ò gbà. Ìlànà Burra, tí àwọn amọṣẹ́ ìtọ́jú àjogúnbá ní Ọsirélíà gbé kalẹ̀ lọ́dún 1979, ní kí a bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ gbogbo ìgbà tó kọjá lára ilé, kí a ṣe èyí tó pọn dandan, ká má sì ṣe jù bẹ́ẹ̀. Yàrá yẹn lè jẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ń sùn nígbà tí ilé kún. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ná, ẹ wọn ọ́n, ẹ wo ojú ìṣó, kí ẹ tó pinnu. Pákó tuntun tí ẹ bá sì fi rọ́pò, ẹ kọ ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó kàn án.