Ta Ló Jókòó Tẹ Ìwé Ọ̀fẹ́ Tí À Ń Kà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé ọ̀fẹ́ àti àṣà àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ọ̀yọ́ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, láyé ìgbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan.

Ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ. Ó fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ní Ìlú Ọba, ìwé náà sì dàwátì síbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò fojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, ó sì tún un kọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1916 wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam, tó ń ti Èkó lọ. Ogun Àgbáyé Kìíní ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ẹrù yìí tó tẹ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́. Obadiah náà kú ní 1920. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1921, ni ìwé jáde.

Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù lè gba ìwé náà, tó lé ní 600 ojú ewé, láti orí Internet Archive, ilé ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó dátà nìkan ni yóò ná an. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ogun fẹ́ gbé lọ ti di ẹ̀dà tí kò lóǹkà. Kì í ṣe pé íntánẹ́ẹ̀tì jí lọ́jọ́ kan ó sì bá ìwé nínú ara rẹ̀. Àwọn èèyàn kan ló ṣiṣẹ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ni kò gba kọ́bọ̀, àwa Yorùbá sì ń kà á láìbéèrè ẹni tó ṣe é. Ohun tí mo wá bá yín sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Yunifásítì Illinois ní 1971. Wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, Michael Hart, láyè láti lo kọ̀ǹpútà ńlá tó wà níbẹ̀, Xerox Sigma V. Kọ̀ǹpútà kò tíì di ohun àdáni nígbà yẹn, owó gọbọi sì ni wákàtí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi lò ó. Hart ń ro ohun tí òun lè ṣe tí yóò tó oore náà san. Ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni, àyájọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti fún un ní ẹ̀dà Ìkéde Òmìnira wọn nígbà tó lọ ra oúnjẹ. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ní lẹ́tà-lẹ́tà. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀, torí ẹ̀rọ náà kò ní lẹ́tà kékeré. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ìyẹn lè da nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà dúró, ló bá kàn polongo ibi tí fáìlì wà. Èèyàn mẹ́fà ló gbà á.

Mẹ́fà péré o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fídíò síta, bí èèyàn mẹ́fà bá wo tiyín, ẹ ó ti pa á rẹ́ kílẹ̀ tó mọ́.

Hart kò pa tirẹ̀ rẹ́. Ó sọ iṣẹ́ náà ní Project Gutenberg, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bíbélì King James, tí ó jẹ́ ìwé ìkẹwàá wọn, kò jáde títí di 1989. Ìwé mẹ́wàá ní ọdún méjìdínlógún! Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá tàn kálẹ̀, iṣẹ́ yára: wọ́n pé 1,000 ní 1997, wọ́n sì pé 10,000 ní 2003. Ó ti lé ní 70,000 báyìí. Hart fúnra rẹ̀ kú ní 2011.

Ohun tó mú ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 2000, nígbà tí Charles Franks dá Distributed Proofreaders sílẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí àwọn tó mọ Gutenberg pọ̀, àwọn tó mọ Distributed Proofreaders kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán ojú ewé tán, sọ́fítíwíà OCR á wo àwòrán náà, á sì gbìyànjú láti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí a lè wá, tí a lè dà kọ. OCR kì í ríran dáadáa: á ka r àti n tó fara kanra sí m, á ka èérí ara bébà sí kọ́mà. Dandan ni kí ojú èèyàn tún un wò. Franks wá gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, ojú ewé kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwòrán á wà lójú kọ̀ǹpútà yín, ọ̀rọ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì máa fi wọ́n wéra láti ìlà dé ìlà. Tí ẹ bá parí, ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí á tún tiyín yẹ̀ wò, ẹlòmíràn á tún tẹ̀ lé e. Ojú ewé kan lójúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ wá fún. Ìwé tó ti gba ọ̀nà yìí jáde lé ní 40,000.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Bí oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀: ará, ọ̀rẹ́ àti àna á gbé ọkọ́ dé, olóko á sì se oúnjẹ. Ní ti ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò mú ọkọ́ wá náà lè jẹun, kò sì sẹ́ni tó máa lé e. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an la jókòó sí.

Àwọn tó ń kọ code ló gbin àṣà yìí jinlẹ̀. Láti oṣù Kẹrin 1969, nígbà tí Steve Crocker kọ RFC àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà, tí ẹnikẹ́ni sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1983, Richard Stallman kéde GNU, iṣẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tirẹ̀, ó ní kí ẹni tó gba sọ́fítíwíà ní ẹ̀tọ́ láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe, kó sì pín in. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lo irú láísẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ fún ìwé náà.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Allen Downey. Ní oṣù Kìíní 1999 ó ń múra láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ code, ṣùgbọ́n ìwé tó wà nílẹ̀ tóbi, ó ki, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kà á. Ó kù ọ̀sẹ̀ méjì kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Ó pinnu láti kọ tirẹ̀: orí kan lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́tàlá, lẹ́yìn náà ó kó o lọ fún àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ó fi láísẹ́ńsì ọ̀fẹ́ sí i, kí ẹlòmíràn lè yí i padà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Virginia, Jeff Elkner, rí i, kò sì béèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó sọ ọ́ di ìwé Python, èdè code mìíràn, torí láísẹ́ńsì náà ti fún un láyè. Downey kò tíì mọ Python nígbà náà. Ìwé ara rẹ̀, tí ẹlòmíràn tún kọ, ló fi kọ́ ọ. Ìwé tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Think Python, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀.

Ẹ má fi èyí wé PDF tó ń kárí WhatsApp ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìwé tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹnì kan jí scan. Mo mọ̀ pé owó ìwé ti ga ju owó oúnjẹ oṣù kan lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, n kò sì fẹ́ ṣe wòlíì lé ẹnikẹ́ni lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó PDF olówó kiri kò dá ọ̀wẹ̀ kankan. Internet Archive pàápàá fẹsẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà Kòrónà, ní 2020, wọ́n mú òdiwọ̀n kúrò lórí iye èèyàn tó lè yá ẹ̀dà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn atẹ̀wétà mẹ́rin pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn atẹ̀wétà náà jàre Archive ní 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2024. Ìwé tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ló kúrò lára èyí tí a lè yá. Lójú tèmi, wọ́n fi ohun tó dára wéwu láìnídìí.

Ọ̀rọ̀ wá kan èdè wa. Púpọ̀ nínú ìwé àtijọ́ lórí Yorùbá tó wà níta, pẹpẹ àwọn yunifásítì òkè òkun ni wọ́n ti ya àwòrán wọn. Àwòrán náà mọ́ lójú. Ẹ wá ṣí ọ̀rọ̀ tí OCR fà yọ nínú rẹ̀, ẹ ó ṣe kàyéfì: àmì abẹ́ lẹ́tà ti di kọ́mà, àmì ohùn ti fò lọ, ẹ ó sì wá orúkọ ìlú yín níbẹ̀ tì. Ẹ̀rọ tí a kò fi èdè Yorùbá kọ́ ló kà á, kò sì sí Yorùbá kankan tó tún un kà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa tí à ń tẹ ọ̀rọ̀ fúnra wa náà ní tiwa. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ní àyè kan pàtó fún ẹ, ọ àti ṣ. Kò ní fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a gbọ́dọ̀ so pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ ẹ kó tó fi ohùn lé e, òmíràn á tẹ é kó tó fi àmì sábẹ́, òmíràn kì í tilẹ̀ lo àmì tó ṣe róbótó, ìlà òòró kékeré ló ń fà sábẹ́ lẹ́tà. Ojú èèyàn lè má mọ èyí tó jẹ́ èwo. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń kọ app Yorùbá, ẹ normalize ọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ sọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ ẹ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì tún normalize ohun tí òǹkàwé tẹ̀ síbi ìwákiri. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NFC tó fún àwọn méjì àkọ́kọ́. Ti ìlà òòró, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ code tí yóò yí i padà, torí NFC kò ní fọwọ́ kàn án.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mélòó kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní AI ò ní pẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó mọ́ ni yóò fi kọ́ ọ, a sì ní láti kọ́kọ́ ní in. Arábìnrin kan béèrè bóyá fóònù nìkan tó. Ó tó fún ojú ewé kan. Wikisource, ilé ìwé ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ọmọ ìyá Wikipedia, náà máa ń gbé àwòrán àti ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹni tí Distributed Proofreaders kò bá bá lára mu lè lọ síbẹ̀. Ó ní ìwé wo ni òun lè kọ́kọ́ mú. Mo ní kó mú gírámà tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1852. 1891 ni Crowther kú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti tán pátápátá.

Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn wá ní Fágúnwà lòun fẹ́ ní tòun, ṣé òun lè ya àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rárá, ẹ jọ̀ọ́, sà. Òfin Nàìjíríà ti 2022 fún òǹkọ̀wé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Oṣù Kejìlá 1963 ni Fágúnwà kú, nítorí náà ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2034. Kó tó di ìgbà náà, ẹ lọ ra tiyín ní ilé ìtàwé.