Kí Ni Ó Ń Jẹ? Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Kékeré Orí Tábìlì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn oníṣẹ́ fọ́tò, àwọn tó ń gé fídíò àti àwọn tó ń tẹ káàdì ìpè sọ ní Ìlọrin nìyí. Mo ti yọ àwàdà díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ Ajé la fi ìpàdé yìí sí, ó sì yé mi. Ta ni yóò rí oníṣẹ́ fọ́tò mú ní Ìlọrin lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí yìgì wà ní Òkèlele, tí ìkómọ wà ní Ìpata?

Ohun tí mo gbé sórí tábìlì yìí, arákùnrin kan níwájú ti ń bi mí bóyá dikódà tẹlifíṣọ̀n ni. Rárá o. Odidi kọ̀ǹpútà ni. Kò nípọn ju ìka méjì lọ, ọwọ́ kan ló sì gbé e wá láti inú ọkọ̀. Ohun tó wà nínú àpótí gàgàrà tí a máa ń tì sábẹ́ tábìlì nígbà kan ló wà nínú rẹ̀: ọpọlọ, RAM (ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń jókòó sí), ibi tí fáìlì ń gbé. Ojú, ìyẹn mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ni kò bá a wá. Ẹ ó wá ìyẹn fúnra yín.

Apple ló sọ irú èyí di gbajúmọ̀. Oṣù kìíní ọdún 2005 ni wọ́n gbé Mac mini jáde, $499 ni wọ́n ń tà á, wọ́n sì sọ fún oníbàárà pé kó lọ mú ojú, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì tirẹ̀ wá láti ilé. Ìgbà yẹn, 16.5 cm ni ìbú rẹ̀. Èyí tó jáde ní 2024 ti fún wá sí 12.7 cm, wọ́n sì gbé bọ́tìnnì tí a fi ń tan án lọ sí abẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé a ní láti máa wo ìdí rẹ̀ láràárọ̀ bí ìdí ìkòkò kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Intel náà ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní NUC; wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 2023, ASUS sì gbà á ṣe lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ wa máa ń tó ní Kwara ni ti Dell, HP àti Lenovo, tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun lò fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n tà dànù, tó sì di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tòkunbọ̀ lèyí tó wà níwájú mi yìí.

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà, "Ṣé ó yára?" la máa ń kọ́kọ́ bi í. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi í pé: kí ni ó ń jẹ? Iye iná tó ń fà ni mo ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì 100Ah kan, ti 12V, 1,200 Wh, ìyẹn wáàtì lọ́nà wákàtí, ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi òjé ṣe, a kì í lò ó kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́, ó ku 600. Ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun, ẹ jẹ́ ká yọ tirẹ̀ kúrò, ká ní ó ku 500. Bí mo bá ń tẹ lẹ́tà tàbí tí mo ń to káàdì ìpè lórí àpótí kékeré yìí, ó ń jẹ nǹkan bíi 15 wáàtì. Mọ́nítọ̀ ínṣì 22 ń jẹ bíi 25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Ẹ pín 500 sí 40, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 12. Kọ̀ǹpútà abẹ́ tábìlì tí òun àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń jẹ 150 kò ní lò ju wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lórí bátìrì kan náà. Mi ò ní purọ́ fún yín: bí mo bá ń gé fídíò, tèmi náà máa ń jẹ jù báyìí lọ dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó Mac mini M4, Apple kọ ọ́ pé 4 wáàtì ló ń jẹ bó bá jókòó lásán, 65 bó bá ń sáré débi tí eré rẹ̀ mọ. Gílóòbù ayé àtijọ́ kan ń jẹ 60.

Àmọ́ ó ní ohun tí wọn kì í sọ fún ni lọ́jà. Bátìrì wà nínú lápútọ́ọ̀pù, kò sí nínú àpótí yìí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ra irú rẹ̀, mi ò tíì ní ìnfátà. Mo ń gé fídíò yìgì kan lóru, mo ti dé ibi tí àlùfáà ti ń gba ọkọ àti ìyàwó níyànjú. Ohùn yàtọ̀, àwòrán yàtọ̀, mo sì ń tì wọ́n síra díẹ̀díẹ̀ títí ètè àlùfáà fi bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu. Bí mo ṣe ní kí n nà sẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ṣẹ́kẹ́, iná lọ. Nígbà tó padà dé, ètè àlùfáà ti tún ya kúrò lára ọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Lọ́jọ́ kejì tí ìyá ìyàwó wá gba fídíò, mo ń ṣàlàyé fún un pé fáìlì náà "wúwo". Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Látìgbà yẹn, mi ò tan án láìsí UPS, àpótí bátìrì tó ń gba iṣẹ́ iná ṣe bí iná bá lọ. Kò pọn dandan kó tóbi. Èyí tó bá lè gbé yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó, kí ẹ rí ààyè séèfù iṣẹ́ yín, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti káàkiri, tó jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ayẹyẹ ló ti ń gé fídíò kó tó délé, kó má wulẹ̀ dà á láàmú: lápútọ́ọ̀pù ni kó rà.

RAM ńkọ́? Nínú púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí, bí ẹ bá tú ìdè ẹ̀yìn, ẹ ó rí ihò méjì tí RAM lápútọ́ọ̀pù ń wọ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 gíìgì, kí ẹ fi 8 mìíràn kún un bí owó Iléyá bá wọlé. Àwọn Mac mini tó ń jáde láti 2020 kò gba irú ìyẹn, RAM ti lẹ̀ mọ́ ọpọlọ, èyí tí ẹ bá bá délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ó máa bá yí. Fún káàdì àti fọ́tò, 8 lè gbé yín dé ibì kan. Fún fídíò, kó má dín ní 16.

Nípa ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ DaVinci Resolve, tí a fi ń gé fídíò, ń gbé fídíò jáde dé 4K, àwòrán tó mọ́ kedere. Ẹni tó ń gba wáàsí sílẹ̀ fún àlùfáà, Audacity tó o, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo mọ̀ pé CorelDRAW ni púpọ̀ nínú yín fi kọ́ṣẹ́. Mo mọ ibi tí ẹ ti rí i gbà pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Fídíò máa ń jẹ àyè. Bí iPhone bá ń ya 4K ní 30 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi 170 MB ló ń lò ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn gíìgì mẹ́wàá ní wákàtí kan. Fóònù mẹ́ta, wákàtí márùn-ún, ẹ ti ní 150 gíìgì lọ́wọ́ láti ayẹyẹ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ 256 gíìgì péré ni Mac mini 2024 tí owó rẹ̀ kéré jù bá jáde. Nítorí náà, ẹ ra SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì, tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀rọ yín bá sì ń fà, ẹ ní kí Resolve ṣe ẹ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún fídíò náà, tí òun ń pè ní proxy. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ ó máa gé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, yóò padà lọ mú ojúlówó. Tòkunbọ̀ mi ń gé 4K bẹ́ẹ̀, kò sì rojọ́.

Wàyí o, owó tó ṣẹ́ kù lára àpótí, ojú tó dáa ni kí ẹ fi rà. Mo mú káàdì ìpè méjì dání. Ẹ wo èyí àkọ́kọ́: aṣọ òfì tí ọkọ wọ̀, dúdú ni ẹ rí, àbí? Ẹtù ni. Aró tó kì dáadáa, tí ìlà funfun tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Lórí mọ́nítọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ayàwòrán náà lò, kò rí aró, kò rí ìlà, ó sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mọ́nítọ̀ tí wọ́n bá kọ IPS sí lára, irú ojú tó ń fi àwọ̀ hàn dáadáa, ni kí ẹ wá, tòkunbọ̀ rẹ̀ wà.

Káàdì kejì ló dùn mí jù. Wọ́n kọ "Ọlọ́run" síbẹ̀, àmì òkè sì ti sá kúrò lórí ọ, ó lọ gun orí r. Wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ní ìdí. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, lẹ́tà "ó" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ọ" ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ tó gba àmì lókè tó tún gba ní ìsàlẹ̀ kò ní. Ńṣe ni ẹ̀rọ ń to ó pọ̀, fọ́ńtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Noto Sans ti Google mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú fọ́ńtì olódòdó tí ẹ ń fi ṣe káàdì kò mọ̀ ọ́n. Kí ẹ tó lo fọ́ńtì kankan, ẹ tẹ ọ́, ọ̀, ẹ́, ẹ̀ sójú rẹ̀, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ẹ wò ó. Lórí Mac, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù ABC Extended: ẹ di Option mú, ẹ tẹ x, lẹ́yìn náà ẹ tẹ o, àmì ìsàlẹ̀ ti dé. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows náà, inú ètò èdè ló wà. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ bàbá ìyàwó kò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní ìkọkúkọ.

Ẹ má fi àpótí yìí sábẹ́ àkéte, ẹ má fi í sínú dúrọ́ọ̀; ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ tú u, ẹ fẹ́ eruku kúrò lára fáànù rẹ̀.

Màmá kan tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba nawọ́ lẹ́yìn tí mo parí. Ó ní òun fẹ́ máa fi ṣe ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù, kí òun sì máa fi àwòrán aṣọ han oníbàárà, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ ra mọ́nítọ̀, tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 wà nílé.

Mo ní, "Màmá, yóò ṣiṣẹ́. Okùn HDMI kan péré ni. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n yẹn lè jẹ 70 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú á wá máa jẹ ju ẹ̀rọ lọ, ìṣirò bátìrì yín á yí padà."

Ó ní, "Ìyẹn ò ni mí lára. Bí àwọn ọmọ bá ń wo bọ́ọ̀lù ńkọ́?"

Mo ní ẹjọ́ ìyẹn kò sí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.