Sarcoidosis: Àìsàn Ẹ̀dọ̀fóró Tó Ń Fara Jọ Ikọ́ Ife

Ẹ fojú inú wo àwòrán X-ray àyà ẹni tó ní sarcoidosis. Ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ló dúdú yẹn, afẹ́fẹ́ inú wọn ló jẹ́ kí wọ́n dúdú. Ẹ wá wo àárín, níbi tí ọ̀nà èémí ti yà wọ inú wọn. Ṣé ẹ rí ohun funfun tó wú lọ́tùn-ún lósì yẹn? Kókó ara ni, èyí tí wọ́n ń pè ní lymph node. Bó ṣe wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bákan náà ló ń mú kí dókítà fura sí sarcoidosis.

Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, àwọn ọmọ ogun ara a ṣù bò ó, wọ́n a sé e mọ́. Nínú sarcoidosis, wọ́n ṣù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì rí ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà. Láti ọdún 1877 tí Jonathan Hutchinson, dókítà ará England, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ lára awọ, a kò tíì mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ohun tó ṣù yẹn ni wọ́n ń pè ní granuloma. Ó lè yọ níbikíbi nínú ara, àmọ́ nínú èèyàn 100 tó ní in, ó lé ní 90 tó ń mú ní ẹ̀dọ̀fóró tàbí kókó àyà. Kì í ràn. Kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ, èémí tí kì í délẹ̀, ara tó ń rù, àárẹ̀ ṣáá: ta ló máa gbọ́ èyí tí kò ní sọ pé ikọ́ ife ni? Ikọ́ ife náà sì ń ṣe granuloma. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ olójú kámẹ́rà gba ọ̀fun wọlé, kí wọ́n lè bu ẹran díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Granuloma ti ikọ́ ife sábà máa ń kú láàárín, ti sarcoidosis kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú sí dókítà tó ń pẹ́ lórí èyí o. Oògùn prednisolone tí wọ́n fi ń tọ́jú sarcoidosis máa ń dẹ ọwọ́ ọmọ ogun ara, ewu ńlá ló sì jẹ́ fún ẹni tó ní ikọ́ ife tí kò tíì lo oògùn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ nílò oògùn. Wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ, á sì lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan. Ti àwọn mìíràn kì í lọ, ẹ̀dọ̀fóró wọn á wá di àpá.

Bí ẹ bá ní sarcoidosis, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò, bí kò tilẹ̀ dùn yín, torí ó lè mú ojú náà. Bí àyà bá ń lù kìkì tàbí tí ẹ bá dákú, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ó lè ti dé ọkàn. Ẹ má sì dá vitamin D lò láìbi dókítà. Granuloma fúnra rẹ̀ ń sọ vitamin D di alágbára, èyí lè mú kí calcium pọ̀ lẹ́jẹ̀ títí tí kíndìnrín á fi bàjẹ́.